Ìkúnlẹ̀ Nídìí Tábìlì Tẹ́tẹ́

Mo rántí ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ láti Èkó, tí eruku pupa Abuja ń bá wa wọ yàrá, tí mo sì ríṣẹ́ sí kasínò òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Bàbá mi nílé, lọ́nà Kàbbà, rò pé àlejò ni mò ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ pátápátá! Ìdí tábìlì rúlẹ́ẹ̀tì ni mo wà, mò ń yí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, mò ń ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i, èmi ọmọbìnrin, mo wọ bótáì bí ọkọ ìyàwó.

Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Oníbàárà kì í na owó sí wa lọ́wọ́, orí tábìlì ni yóò gbé e sí kí gbogbo èèyàn lè rí i. Bí mo bá ti ní "Ó tó!", ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣíìpù, àwọn ike róbótó tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ dípò owó. Èmi fúnra mi, ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kúrò lójú, kí wọ́n má baà ní mo fi ṣíìpù sápò. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò. Àṣìṣe kan péré, mo dèrò ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni bàbá onípáànù wọlé, ará ìlú wa tó ń ta páànù ìkọ́lé ní ọjà Wuse. Wọ́n rí mi, wọ́n sì pariwo oríkì mi láàárín àwọn òyìnbó! Yéè, orí mi wú. Kí n tó mọ̀, eékún mi ti kanlẹ̀, "Ẹ káàsán, bàbá!", ọwọ́ mi méjèèjì sì ti wọ abẹ́ tábìlì.

Ọ̀gá wa, ọmọ Ìlọrin, sáré dé bí ẹni tí iná jó. Ó dá eré dúró, ó ka ṣíìpù, ó ní kí n gbọn apá aṣọ mi. Kò sí ohun tó dín.

"Àgbà ni mo kúnlẹ̀ kí, sà."

"Ṣé èmi kò mọ̀ pé wọ́n ń kúnlẹ̀ ni? Lọ kúnlẹ̀ nílé yín! Tí o bá tún dán an wò níbí, má wulẹ̀ wá lọ́la."

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá tún dé, wọ́n tún kì mí. Èmi dúró gbọnrangandan.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé owó yín sórí tábìlì."

Bàbá wò mí látòkè délẹ̀. "Ìdúró lo ti ń kí mi? Kò burú. Bàbá rẹ yóò gbọ́!"

Ẹnu mi kò gbà kí n dákẹ́. "Bàbá, níbo lẹ máa sọ pé ẹ ti rí mi?"

Bàbá ki owó wọn bọ àpò padà. Díákónì pàtàkì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọn kò jẹ́ sọ pé ilé tẹ́tẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo rò pé mo ti gbọ́n tán.

Lóòótọ́, bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ sì di tèmi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tábìlì ọmọbìnrin Bìní tó wà lódìkejì ni wọ́n ń lọ. Bí a bá pàdé lọ́nà, "Sànnu" àwọn Hausa lásán ni wọ́n ń wí fún mi, bí ẹni tó ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹ̀rín sì máa ń pa mí tí mo bá rántí bọ́rọ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ní gbogbo Abuja nígbà náà, bàbá yẹn nìkan ló mọ oríkì mi, n kò sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu wọn mọ́ títí wọ́n fi kú.