Àwòrán Tó Kéré Ju Iná Orí Lọ

Òórùn sípíríìtì ní yàrá sáyẹ́ǹsì iléèwé ọmọ-ọmọ mi ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì tuntun, ló dá mi padà sí ọ̀sán kan nígbà èwe mi.

Ìyá mi, tó máa ń fín igbá, mú mi lọ bá tísà sáyẹ́ǹsì kan. Tísà fi sípíríìtì nu gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi èéfín àtùpà kùn ún, ó tì í sábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ̀rọ tó ń sọ iná orí di ewúrẹ́. Ó tu irun kan lórí mi, ìyá mi sì fi ń fín àwòrán sínú èéfín náà.

“Bọ̀dé, má mí o!” ni ìyá mi wí.

N kò sì mí fún odidi wákàtí méjì.

“Ìyá Bọ̀dé, ó kéré jù. Ta ni yóò rí i?”

“Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, Tísà. Bàbá Bọ̀dé ò gbọdọ̀ rí i nínú ulé.”

Mo yọjú wò ó nínú ẹ̀rọ náà: ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi tó kú kí wọ́n tó bí mi ni, tí Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀.

Nílé, Bàbá gba gíláàsì náà.

“Ìdọ̀tí wà lára ẹ̀.”

Ó ká etí bùbá rẹ̀ láti nù ún. Mo rí ojú ìyá mi, mo sì gbá ẹsẹ̀ mi mú.

“Yéè! Àkekèé ta mí!”

Bàbá ju gíláàsì sọ́wọ́ ìyá mi, ó sáré wá. Ó wá àkekèé náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tiro.