Atọ́bẹ̀wò Ọjọ́ Ẹtì Rere

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ kékeré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ti ká tí àwọn tuntun ò sì tíì hù, èmi ni mo máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò nílé wa lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mò ń gbé, wọn kì í sì í fi ohunkóhun kan ẹnu lọ́jọ́ náà títí aago mẹ́ta ọ̀sán yóò fi lù, ìyẹn wákàtí tí Olúwa wa kú lórí igi àgbélébùú. Wọn kì í mu omi pàápàá. Síbẹ̀ àwọn náà ni wọ́n ń se oúnjẹ tí gbogbo ilé máa fi ṣínu. Báwo wá ni ẹni tó ń gbààwẹ̀ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ti dé inú ọbẹ̀? Ọmọ tí kò tíì tó ààwẹ̀ gbà ni wọ́n máa pè, ọmọ náà sì ni èmi.

Abúlé wa wà létí ọ̀sà, kò jìnnà sí Ajáh. Ẹ gbàgbé Ajáh tí ẹ mọ̀ yìí. Kò sí títì, kò sí afárá, kò sí ẹ́sítéètì kankan. Iyanrìn ni, àti igi àgbọn, àti ọkọ̀ ojú omi. Bí ara ènìyàn ò bá yá, tí ewé àti egbò ò ràn án, omi la máa gbé e gbà. Ọmọ Èkó ni ìyá ìyá mi, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí wọn sí. Ọkọ ló gbé wọn wá sí abúlé, wọ́n sì gbé fùréjọ̀n wọn dání wá. Ẹ̀wà ni fùréjọ̀n, tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀ tí a sì sẹ́, tí a wá fi omi àgbọn àti ṣúgà sè títí ó fi ki. Ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ja la fi ń jẹ ẹ́, ẹni tó bá wù sì máa fi gàrí sí i. Orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀wà yẹn. Apá á máa ro wọ́n, wọn ò ní sọ, torí wọ́n ní ìyà tí Olúwa jẹ lọ́jọ́ náà ju ìyẹn lọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, gbogbo ará ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti gba Ọ̀nà Àgbélébùú. Àwa tó kù sílé ni ìyá ìyá mi, èmi, àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná. Ìyá ìyá mi bu díẹ̀ sínú àwo, wọ́n já ẹja epìyà díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní kí n wò ó bóyá iyọ̀ ti wọ inú ẹja náà. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn bù ú sí mi lẹ́nu. Ó gbóná. Èmi tí n kò ní eyín iwájú, mo yí i sẹ́yìn ẹnu kánmọ́kánmọ́, mo sì gbé e mì láìjẹ ẹ́ dáadáa.

Ohun kan gún mi lọ́fun. Mo wúkọ́, kò kúrò. Mo gbé itọ́ mì, ó tún gún mi síwájú sí i. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀, ojú mi kún fún omi.

“Ó níyọ̀ àbí kò níyọ̀?” Ìyá ìyá mi ò tíì wò mí, iná ni wọ́n ń fẹ́.

Ìgbà tí n kò dáhùn ni wọ́n bojú wẹ̀yìn. Mo ti rí ìyá ìyá mi nígbà tí inú ń bí wọn, mo ti rí wọn nígbà tí wọ́n ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀rù lójú wọn rí àfi ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ọwọ́ wọn ò kan nǹkan kan. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn títí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n màmá mi sáré mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ṣe nǹkan. Ó wá ní kí a ro ẹ̀bà. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn nígbà náà, pé bí egungun ẹja bá há èèyàn lọ́fun, òkèlè ẹ̀bà ló máa tì í lọ. Ẹ gbọ́ o, ẹ má dán an wò láéláé. Àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún wa?

Ìyá ìyá mi ṣu òkèlè, wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́, kí n gbé e mì bẹ́ẹ̀. N kò gbà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo pa ẹnu dé, mo sì ń mi orí. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fẹ́ fi tipátipá là mí lẹ́nu, mo di eyín tó kù lẹ́nu mi mọ́ra. Ni wọ́n bá ṣu òkèlè mìíràn, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi kí ojú wa lè ko ojú.

“Wò mí. Bí mo ṣe ń ṣe yìí ni kí o ṣe.”

Wọ́n sì gbé e mì. Mo rí i bó ṣe gba ọ̀nà ọ̀fun wọn lọ sísàlẹ̀. Aago mẹ́ta ò tíì lù, oòrùn ṣì wà láàrin orí. Ìyá ìyá mi tí wọn kì í jẹ́ kí omi kan ètè wọn lọ́jọ́ Ẹtì Rere ti jẹ ẹ̀bà, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn jẹ ẹ́. Èmi ni mo mọ̀. Ẹ wo ọkàn ọmọdé: dípò kí ara tù mí, ńṣe ni jìnnìjìnnì tún mú mi, mo ní ó parí, Ọlọ́run máa lu àwa méjèèjì pa báyìí.

Mo gbé òkèlè tèmi mì. Egungun náà ò lọ, ó wọnú sí i ni. Mo tu itọ́, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí ìyá ìyá mi ṣe rí ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọ́n gbé mi pọ̀n, èmi tí mo ti kọjá ẹni à ń pọ̀n. Wọ́n sá jáde láìborí, gèlè ti já bọ́ sílẹ̀. Ilé bàbá kan tó ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sá lọ. Mùsùlùmí ni bàbá náà. Wọ́n ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ti wọ aṣọ funfun, wọ́n fẹ́ lọ kírun Jímọ́ọ̀. Ìyá ìyá mi ń nàka sí ọ̀fun mi. Bàbá náà wo itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń kán sí èjìká ìyá ìyá mi, wọ́n bọ́ fìlà wọn.

“Ìyá, ẹ wọkọ̀.”

Wọ́n bọ́ bùbá funfun yẹn sọ sórí odi, wọ́n mú àjẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyàwó wọn sáré lọ sọ fún àwọn ará ilé wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní òdìkejì ọ̀sà, ibẹ̀ la forí lé.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójú omi. Ìgbì ń gbé ọkọ̀ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì jù ú sílẹ̀ ni egungun yẹn máa gún mi. Ìyá ìyá mi gbé orí mi lé itan, wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn. Wọ́n ń ké pe ẹni mímọ́ tí àwọn ará ìjọ wa máa ń ké pè nítorí ọ̀fun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn gan-an, fádà ti wá láti Èkó, ó ti fi àbẹ́là méjì tó gbé dábùú ara wọn kan ọrùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti súre fún ọ̀fun wa. Mo wá ń rò ó bóyá tèmi ò mú, torí mo rẹ́rìn-ín nígbà tí àbẹ́là náà kàn mí lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ìyẹn. Mo gbà lọ́kàn mi pé Ọlọ́run wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó rí i pé gbogbo ayé ń gbààwẹ̀, ó rí ọmọ kan tó ń jẹ ẹja, ó sì bínú. Mo fẹ́ sọ fún un pé wọ́n rán mi ni. Pé kì í ṣe ebi ló ń pa mí, pé èmi ni atọ́bẹ̀wò, pé iṣẹ́ ni mò ń jẹ́. Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo rò pé màá kú kí n tó ṣàlàyé ara mi.

N kò mọ bí ìyá ìyá mi ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, bóyá wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n kàn dáwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dúró. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

“Ọlọ́run, èmi ni mo rán an. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu. Má wo ọmọ yìí, èmi ni kó o bá wí.”

Bàbá tó ń wa ọkọ̀ ní àmín, wọ́n sì ń wà á lọ.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn náà, ilẹ̀kùn tì pa. Ìsinmi ni lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ìyá ìyá mi lu ilẹ̀kùn yẹn títí, wọ́n ń lù ú bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀fun mi ti wú, èémí ò fẹ́ wọlé mọ́. Bàbá ọlọ́kọ̀ ló sá yí ẹ̀yìn ilé, wọ́n rí nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń fọṣọ, wọ́n sì mú un wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́, ó gbé mi jókòó kí n kọjú sí oòrùn, ó fi ṣíbí tẹ ahọ́n mi mọ́lẹ̀, ó wá ti ẹ̀mú gígùn kan bọ ọ̀fun mi. Ó ní kí n má mira. Mo bì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró kí n bì tán, ó tún ti ẹ̀mú bọ̀ ọ́. Nígbà tó fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, egungun ti wà lẹ́nu ẹ̀mú náà. Kò gùn ju èékánná mi lọ. Ìyá ìyá mi wò ó, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí iyanrìn. Ìgbà tí a máa wá bàbá ọlọ́kọ̀, a rí wọn létí omi, wọ́n ń dá ìrun ọ̀sán tiwọn kí.

A padà sílé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Gbogbo ilé ló jókòó síta, kò sẹ́ni tó tíì jẹun. Wọ́n gbé mi láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń wo ẹnu mi. Nígbà tó yá ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n màmá mi rọra sọ ọ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi bú wọn, ó ń bẹ̀rù fún wọn ni.

“Ìyá, ẹ ti gbé ẹ̀bà mì lónìí kí aago mẹ́ta tó lù.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá ìyá mi wí. “Ojú omi ni mo ti rántí. Ẹ bu tèmi wá.”

Wọ́n sì bu fùréjọ̀n. Ọbẹ̀ yẹn ò níyọ̀ rárá, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n lẹ́nu, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Láti ọdún yẹn lọ ni ìyá ìyá mi ti ń tọ́ ọbẹ̀ ara wọn wò lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Olùkọ́ ìjọ gbọ́, ó wá bá wọn sọ ọ́. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn àti Ọlọ́run ti yanjú ọ̀rọ̀ náà lójú omi.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate, lẹ́bàá Ajáh yìí kan náà. Bílẹ́ńdà ló ń lọ ẹ̀wà mi, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ ni ọmọ mi ń rà wá. Síbẹ̀ mo máa ń fi ìka tú ẹja náà wò kí n tó jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn án, wọ́n sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi á ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Họ́sípítù ò jìnnà, mọ́tò wà.” Òótọ́ ló sọ. Títì ti dé, họ́sípítù pọ̀ lọ bẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ìgbì mọ́.

Àmọ́ ní Ẹtì Rere tó kọjá, iṣẹ́ pe ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, wọ́n sì gbé mọ́tò lọ. Ó ku èmi àti àbígbẹ̀yìn wọn nílé. Ọmọ náà jókòó, ó ń jẹ ẹja, mo sì dúró tì í, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Mo wá yọjú lójú fèrèsé. Ògiri ni mo rí, wáyà lórí ògiri, géètì tó tì pa. Ó ti lé ní ọdún mélòó kan tí a ti ń gbé ibẹ̀, n kò mọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn géètì kejì tó tẹ̀ lé tiwa. Bí nǹkan bá há ọmọ yìí lọ́fun báyìí, ta ni mo fẹ́ sá lọ bá? Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà kì í ṣe kékeré, ó ju ti ojú omi lọ, torí lójú omi a jẹ́ mẹ́ta.

Mo bu fùréjọ̀n sínú abọ́, mo mú ọmọ náà lọ́wọ́, mo lọ kan géètì kejì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ṣí i díẹ̀, ó di géètì náà mú, mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

“Mà, ṣé kò sí wàhálà?”

Mo ní kò sí wàhálà. Mo ní mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ ojú mi ni, kí èmi náà sì mọ tiwọn, torí ọmọ kékeré wà nílé wa.