Bàbá Ìgè Kò Tíì Fọwọ́ Sí I

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Ìgè tó ń tún bóhóòlù ṣe, ìtàn ọ̀pá irin ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ sọ. Bóhóòlù ilé ìgbẹ̀bí Ayébòdé bàjẹ́. Bàbá fi fóònù béèrè rọ́bà tuntun, èyí tó máa ń wà lára ọ̀pá irin tó ń fa omi, lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó bóhóòlù ní Ọ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ohun kan ṣoṣo tí fóònù ń sọ ni pé ìbéèrè rẹ̀ ń dúró de ìfọwọ́sí. Lọ́jọ́ kẹwàá, Bàbá fa ọ̀pá irin yọ nínú kànga, ó gbé e lé èjìká, ó gun ọ̀kadà, ó sì tẹ́ ẹ gbalaja sórí tábìlì Bọ́ládé máníjà, tòun ti gíríìsì.

"Ẹ ní ó ń dúró. Òun náà rèé. Kó wáá dúró lójú yín níhìn-ín."

Bọ́ládé fọwọ́ sí i kó tó nu ọwọ́.

Moríyọ̀ ló bínú jù. Òun ló to ètò ìfọwọ́sí náà sórí kọ̀ǹpútà. Tí bóhóòlù bá bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á kọ ọ́ sórí fóònù. Jídé onísítọ̀ á fọwọ́ sí i, ẹnjiníà á fọwọ́ sí i, máníjà á fọwọ́ sí i, kí rọ́bà tó kúrò ní sítọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Kò sí ibi tó ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni gbé irin wá.

"Bàbá, ètò wà!"

"Ètò wà, omi ò sí. Èwo ni aboyún ń mu nínú méjèèjì?"

Ti Jídé tún wá burú ju ìyẹn lọ. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, Jídé ò tíì pé ọgbọ̀n, orúkọ Jídé ló sì ṣáájú nínú àwọn tó ń fọwọ́ sí i.

"Jídé tí mo jókòó níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ! Òun ni á wáá yọ̀ǹda kí n ṣe uṣẹ́ mi?"

"Bàbá, kọ̀ǹpútà ò mọ àgbà."

"Ìwọ tó ṣe ètò rẹ̀ mọ àgbà. Kí ló dé tí o ò kọ́ ọ?"

Moríyọ̀ pa kọ̀ǹpútà dé. Ó fi ìbínú lọ jẹun.

Ṣé ti ìkíni la fẹ́ gbàgbé ni? Bàbá Ìgè, ọmọ Ayédé, kò lè tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn láì kí i. Ohun tó bá kọ sórí fóònù á bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù. Ulé ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màámi ńkọ́?" Ìlà kọkànlá ni rọ́bà tó máa ń yọjú, bẹ́ẹ̀ ìlà méjì péré ni fóònù ẹnjiníà ń gbé jáde. Ẹnjiníà kọ "A dúpẹ́, Bàbá" sí i, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ayébòdé tún wà láìlómi fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Bàbá, ohun tó bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa kọ!" Moríyọ̀ ń pariwo.

"Kí n kàn já wọ ulé onílé bí ewúrẹ́?"

Nígbà tó sú Moríyọ̀, ó fi orúkọ Bàbá sí ìparí ètò náà, lẹ́yìn máníjà pàápàá. Ṣebí àgbà ló ń kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, rọ́bà kankan ò lè jáde àfi tí Ìgè bá fọwọ́ sí i. Inú Bàbá dùn débi pé ó lọ ra gíláàsì tuntun. Á jókòó, á ṣí fìlà, á tẹ fóònù. Bí ẹlòmíràn bá sì béèrè rọ́bà, Bàbá á pè é: "Ṣé o ti dè é dáadáa? Padà lọ wò ó." Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe rọ́bà ló bàjẹ́ rárá.

Bàbá kú nígbà tí wọ́n ń wa iṣu lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, Sùmáyà, nọ́ọ̀sì Ayébòdé, pe Moríyọ̀ láàárọ̀.

"Bóhóòlù wa tún ti bàjẹ́ láti àná. Obìnrin méjì ń rọbí níbí, omi ò sí! Wọ́n ní gbogbo yín ti fọwọ́ sí i. Ta ló kù?"

Moríyọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà. Ìgè ló kù.

"Bàbá yìí! Ẹ kú tán, ẹ tún ń bá wa jà?" Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí Jídé fi sáré wọlé, ìgbà tí Jídé fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹkún ló ń sun.

"Ta ni ká fi rọ́pò rẹ̀?" ni Moríyọ̀ bi Bọ́ládé.

"Kò sí. Ta ló mọ bóhóòlù níbí bíi tiẹ̀?"

"Kí wáá ni gbogbo wa ń fọwọ́ sí látijọ́ yìí?"

Moríyọ̀ yọ orúkọ Bàbá. Lẹ́yìn náà ó yọ ti máníjà, ó yọ ti ẹnjiníà, ó yọ ti Jídé: bó bá ti jẹ́ ti ilé ìgbẹ̀bí, kí ẹni tó ń tún un ṣe mú rọ́bà kó máa lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, Sùmáyà pè pé omi ti ń ya, àti pé ọmọ kan ti dé, obìnrin ni.

Moríyọ̀ wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi yọ gbogbo orúkọ yẹn. Ọdún méjì ni Bàbá fi bẹ̀ ẹ́, tó fi bá a jà lórí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Inú bí i gan-an, kò sì rí ẹlòmíràn tó lè bínú sí àfi ara rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti lè gbọ́ ọ, ó kúnlẹ̀ bí ẹni pé Bàbá jókòó níwájú rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."