Èènì Oṣù Mẹ́rin Tí Bàbá Tirtha Gbà

Kò sí ọlọ́jà kan ní ìlú Bhaktapur tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Tirtha Koju, oníwàrà dídì, wọ ọ́fíìsì àwọn oní-íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni nígbà náà, ó sì gbé ìkòkò wàrà kan dání.

"Bàbá, fáíbà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tuntun tó yára, ti dé àdúgbò yín," ni Rojina, ọmọge ìdí káńtà, wí. "Ẹ lè ṣàdéhùn oṣù kan, ọdún kan, tàbí ọdún méjì. Ti ọdún méjì ní èènì oṣù méjì."

"Ọdún méjì! Bí mo bá kú ní oṣù kẹta ńkọ́?"

"Háà, Bàbá, ẹ ò ní kú."

"Ó dáa. Kọ ìyẹn sínú àdéhùn."

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fi wàrà sílẹ̀ fún wọn, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la.

Wàrà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: jẹ tòní, bó bá dùn, kí o padà wá. Ọdún mọ́kànlá ló fi san owó wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lóṣooṣù. Kódà, ó ń ná ọjọ́ orí rẹ̀ bí ẹni ń nájà. Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, oṣù méje àti ọjọ́ méje, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e sórí kẹ̀kẹ́ onígi gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú wọn, wọ́n fà á yí àdúgbò ká, àwọn àgbà sì ní ó ti di àtúnbí. Láti ọjọ́ náà ló ti tún ọjọ́ orí kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta kì í sanwó.

"Ọmọ tí kò bá sanwó, itan ìyá ẹ̀ ló ń jókòó lé," kọ̀ńdọ́ fèsì, ó nawọ́ sí ìyá sísanra kan. Bàbá wo ìyá náà, ìyá náà wo Bàbá. Bàbá yọ owó.

Ohun tó lé e dé ọ́fíìsì ni pé Prasuna, ọmọ ọmọ rẹ̀, bímọ ní Ọsirélíà, wáyà àtijọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ náà lódindi lórí fóònù. Wọ́n á rí etí lónìí, àgbọ̀n lọ́la, àwòrán á sì dúró gbagidi.

"Bàbá," ni Asta Maya, ìyàwó rẹ̀, wí, "ta ló máa bá mi to ọmọ yìí pọ̀ kí n tó kú?"

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá ju bó ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Ó ń lọ sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́ tòun ti ìkòkò wàrà; ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbà fún ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ó ní kí èènì di oṣù mẹ́rin, kó wà ní ìparí, kí àdéhùn sì wà lórúkọ ìyàwó òun.

"Kí ló dé tí kì í ṣe orúkọ yín, Bàbá?"

"Ó fi ọdún mẹ́sàn-án kéré sí mi. Tó bá jẹ́ tèmi, ẹ máa wá já okùn yín níbi ìsìnkú mi."

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà gbà. Ó ti jẹ wàrà ìkòkò márùn-ún, kò lè ṣe bí ẹni tí kò jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí fáíbà wọlé, ọmọ náà yọ lódindi, orí pípá, ẹnu láìléyín.

"Ẹ wò ó," Bàbá kígbe, "ẹgbẹ́ mi!"

Ó kú ní oṣù kẹsàn-án àdéhùn náà. Àdúgbò sunkún, wọ́n rántí bọ́ọ̀sì, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rojina tẹ Màmá Asta Maya láago. "Màmá, ọdún méjì ti pé. Láti òní lọ, èènì Bàbá lẹ ń lò."

Màmá fi ìborùn nu ojú, ó pe Ọsirélíà. Ọmọ náà ti ń sáré kiri yàrá, kò fẹ́ dúró.

"Jókòó dáadáa, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Bàbá ńlá rẹ ló pè ọ́ lónìí."