Ibi Ìgbọ́kọ̀sí ní Abúlé Tí Kò Ní Títì

Bàtà rọ́bà rẹ̀ ni ìyàwó mi ń fọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀. Ó ń fi igi pẹlẹbẹ kan ha ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá mi wí pé mo tún ti da tíì sórí ìwé ìròyìn kí òun tó kà á.

Agbẹ̀bí ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń kúrò nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, tí ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá lọ sí abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà, láti wo àwọn aboyún. Nígbà tí ọ́fíìsì kan ní Wharf Road dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ṣètò ohun tí abúlé náà yóò nílò lọ́jọ́ iwájú, wọ́n fi ìyàwó mi sí i. Wọ́n nílò obìnrin kan nínú fọ́tò.

Mo rí pláànù wọn. Gbọ̀ngàn wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà níbẹ̀, ó fẹ̀ ju ilé ìwòsàn lọ. Ní abúlé yìí, ohun kan ṣoṣo tí ó ní táyà ni ọmọlanke tí wọ́n fi ń gbé omi. Ìyàwó mi bi alága léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀.

"Màmá, ọjọ́ iwájú là ń sọ. Mọ́tò á dé."

"Ṣé yóò lúwẹ̀ẹ́ wá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pín mítípáì.

Ọ̀rọ̀ afárá pákó tí ọkọ̀ yóò máa gúnlẹ̀ sí ni ó ká a lára. Wọ́n yà á ní kúkúrú. Kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ ní àṣà kan: wọn kì í gbé ènìyàn pàtàkì àfi tí omi bá kún, kí ẹrẹ̀ má baà ba bàtà ẹni ńlá jẹ́. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí àwọn olùṣètò wọ̀nyí lọ, omi ni wọ́n bá lẹ́nu abúlé. Bí omi bá fà, ọkọ̀ kò lè súnmọ́ ilẹ̀. Aboyún tí ó ń rọbí yóò la ẹrẹ̀ kọjá lọ wọ ọkọ̀, tàbí kí ó dúró de omi. Ọ̀kan dúró, ọmọ sì kú sí i nínú. Ìyàwó mi ní kí wọ́n sáà wá wò ó lẹ́ẹ̀kan nígbà tí omi bá fà. Alága ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Ní àárọ̀ tí ó ń fọ bàtà rọ́bà yẹn, ìyàwó mi ní lọ́jọ́ ìpàdé tí ń bọ̀, orí tábìlì ni òun yóò gbé e lé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó lọ dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Alága wá kí mi pẹ̀lú òdòdó oníke. Ó ní àwọn yóò fi orúkọ ìyàwó mi sọ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà. Mo dúpẹ́, ilé ni wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń dúpẹ́. Ó tún ní kí n jókòó sípò ìyàwó mi nínú ìgbìmọ̀ títí wọn yóò fi fọwọ́ sí pláànù. Mo gbà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo wa tún lọ wo abúlé náà lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí olóògbé. Mo ní èmi ni yóò wá ọkọ̀.

Mo lọ bá ọlọ́kọ̀ tí ó máa ń gbé ìyàwó mi, mo sọ ìgbà tí a fẹ́ lọ. Ó wò mí.

"Dádì, omi á ti fà nígbà yẹn o. Ẹrẹ̀ lẹ máa bá."

"Mo mọ̀."

"Àwọn ọ̀gá yẹn á bú mi."

"Èmi ni kí wọ́n bú."

Ó mi orí. "Torí Màmá nọ́ọ̀sì ni o."

Ọkọ̀ dúró síbi tí omi parí sí. Abúlé ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrẹ̀ dúdú sì tẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa àti òun. Alága, nínú léèsì funfun, ní kí ọlọ́kọ̀ sún síwájú. Ọlọ́kọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi.

"Ibi tí Màmá nọ́ọ̀sì ti ń bọ́ sílẹ̀ nìyí, sà."

Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo sọ̀kalẹ̀. Ẹrẹ̀ gbé mi dé orúnkún. N kò wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ẹnìkan já sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn mi: ẹnjiníà tí ó ya pláànù ni. Bàtà rẹ̀ ọ̀kan kò bá a dé èbúté. Alága kò kúrò nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó ń rí ọjọ́ iwájú kedere kò rí bí yóò ṣe dé ilẹ̀.

Ẹnjiníà tún pláànù yà. Afárá náà ti gùn dé ibi tí omi kì í gbẹ, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣì wà níbẹ̀. Kò kúkú sí ẹni tí a lè jọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé mọ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ tí a lọ sí abúlé náà, igi pẹlẹbẹ yẹn ṣì wà nídìí ẹ̀rọ omi. Mo fi ha ẹrẹ̀ ara ṣòkòtò mi, mo sì jókòó sórí àpótí tí ìyàwó mi máa ń jókòó lé, mo fọ̀ ọ́ fúnra mi. Ó mọ́ díẹ̀.