Ọkọ̀ Gàníyù Tí Kì í Dún

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ní Ìfàkò nípa ọjọ́ ìmọ́tótó tí ọkọ̀ olóògbé Gàníyù lé ṣọ́jà. Àárọ̀ Sátidé ni, ìlú pa lọ́lọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde. Ṣọ́jà kan dúró ní oríta pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́. Ó ṣàdédé rí ọkọ̀ Volkswagen kan, irú tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, tó ń bọ̀ wá bá a. Ọkọ̀ náà kò dún, kò rú èéfín, kò sì sí orí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ṣọ́jà figbe ta, ó ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ dáhùn. Gàníyù ti ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tó ti ń so wáyà. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti gbéra, ó rò pé inú àgbàlá lòun ṣì wà, pé Fàúsát ìyàwó òun ló ń pe òun.

"Kò sẹ́nì kankan níbí," ó dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe."

Nígbà tó fi máa gbórí sókè, kòbókò nìkan ló bá lójú títì.

Làsísì mẹkáníìkì, tí òun àti Gàníyù jọ ń gbélé, ló máa ń sọ ìtàn náà jù, ẹ̀rín kì í sì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Oníṣẹ́ iná ni Gàníyù nílé iṣẹ́ kan ní Oregun kí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, tó mú kí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù tó ṣẹ́kù, àwọn kan gbé fáànù, àwọn kan gbé àga. Gàníyù ní tirẹ̀ gbé mọ́tò oníná àti bátìrì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà nínú ilé iṣẹ́, ó sì kó wọn sínú ìjàpá kan tó ti kú, ó wá ń fi iná bátìrì rìn láìlo epo. Lásìkò ọ̀wọ́n epo, nígbà táwọn ẹlòmíràn ń tò nílé epo, òun ń yọ́ kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ìyá máa ń pe ọmọ wọn wọlé bó bá ń bọ̀, torí etí kì í gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ ṣọ́jà yẹn ni Gàníyù fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rù ọkọ̀ náà. Bó bá fẹ́ fi jáàkì gbé e, odindi àárọ̀ ló ń gbà. Yóò tì í dé orí sìmẹ́ǹtì, yóò fi òkúta ti táyà, yóò yọ kọ́kọ́rọ́, yóò so ó mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀, yóò sì tú orí bátìrì. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí yóò bi í pé, "Ṣé o ti sùn?" Yóò wá fetí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni jáàkì yóò tó dé abẹ́ irin, ìtì igi ojú irin rélùwéè tó rí ní Agége yóò sì tẹ̀ lé e láti gbé ọkọ̀ dúró. Ó kórìíra kéèyàn fi búlọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀, ó ní ṣe ló máa ń fọ́ láìsọ fúnni.

Làsísì bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ọkọ̀ náà ti dáhùn rí.

"Kò tíì dáhùn," ni Gàníyù wí. "Ọjọ́ tó bá dáhùn, mi ò ní wọ abẹ́ ẹ̀."

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Gàníyù lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú. Ó ti pẹ́ tí Làsísì ti fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó fi jáàkì gbé e lórí iyẹ̀pẹ̀ lásán, níbi tó máa ń fi í sí lára gbogbo ìjàpá, kò ro ti bátìrì tó wúwo bí ènìyàn márùn-ún. Lójú mẹkáníìkì ọkọ̀ epo, ọkọ̀ tí kò bá dún ti kú. Ó fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan wáyà kan. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, jẹ́jẹ́, láìsí ariwo kankan. Jáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í rì.

"Làsísì, má mira." Ohùn Gàníyù ni, ó rẹlẹ̀ gan-an. "Má bá a sọ̀rọ̀."

Ó ti ìtì igi mẹ́ta sábẹ́ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó já orí bátìrì. Jáàkì ṣubú, ọkọ̀ jókòó sórí igi, ìka mẹ́rin péré ló kù kó dé àyà Làsísì. Fàúsát ló sọ fún un lẹ́yìn náà pé Ìkejà ni ọkọ òun ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó yí padà. Gàníyù ní ara òun kò balẹ̀, òun ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Èébú ni Làsísì ń retí. Ilẹ̀ ni Gàníyù jókòó sí, ó sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

"Kí ni mi ò bá sọ fún ìyá ẹ?" ló ń wí ṣáá.

Ọdún táwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ni Gàníyù kú, lórí àga, lẹ́yìn ìrun alásàárì. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ìtàn ṣọ́jà, ààfáà pàápàá rẹ́rìn-ín. Làsísì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín náà pẹ̀lú wọn, àmọ́ ẹkún ló fi parí rẹ̀.

Ó ṣì ń ṣe ọkọ̀ ní Ìjàyè. Nígbà mìíràn, bí iṣẹ́ bá ń kán an lójú, tó wọ abẹ́ ọkọ̀ láìfi nǹkan kan ti jáàkì lẹ́yìn, nínú oòrùn gangan, yóò gbọ́ tí ẹnìkan rọra wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, tó sì mí kanlẹ̀. Yóò wọ́ jáde. Kò ní bá ẹnì kankan níta.

"Mo ti jáde, ẹ̀gbọ́n," ni yóò wí, yóò sì lọ wá igi. Ẹni tó ń wá dúró yẹn kì í bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọjọ́ tí kò ní wá mọ́.