Ọjọ́ Tí Afẹ́fẹ́ Dúró ní Wọ́ọ̀dù

Ọkọ àbúrò mi ni a ń pè ní Bàbá Eléèéfín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya àwòrán ẹ̀rọ tí ń mọ èéfín nínú ihò páànù tí afẹ́fẹ́ amúlétutù ń gbà kọjá lókè àjà. Bí iná bá ràn ní yàrá kan, ihò yìí lè gbé èéfín lọ bá ẹni tí ó sùn ní yàrá mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ti gbóòórùn èéfín, fáànù gbọ́dọ̀ kú. Ohun tí kì í gbójú fò nìwọ̀nyí: kí ẹ̀rọ jìnnà sí ibi tí páànù ti ṣẹ́ kọ́nà, nítorí afẹ́fẹ́ a máa pòòyì níbẹ̀, kí ojú ihò ọ̀pá tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé kọ sí afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀, kí ilẹ̀kùn kékeré sì wà lára páànù fún ẹni tí yóò nù ún.

Òun ni ó ya ti ilé ìwòsàn tí a gbé àbúrò mi lọ nígbà tí àìsàn àyà dá a dùbúlẹ̀, tí kò lè mí délẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fáànù kú. Ooru bo wọ́ọ̀dù. A wá iná títí, a kò rí i. A fura pé eruku àwọn káfíńtà tí ń rẹ́ pákó ní òkè ni ẹ̀rọ kà sí èéfín.

Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ṣe é. Ẹ ṣáà yọ wáyà ẹ̀, kí fáànù máa ṣiṣẹ́.”

“Ihò yìí kan náà ló ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí yàrá àwọn ìkókó,” ni ó wí. “Bí iná bá wá ràn lóòótọ́ ńkọ́?”

Èmi náà ní, “Àna mi, ẹ wo ojú ìyàwó yín.”

Ó wò ó. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ pé orogún mi ni ẹ̀rọ yìí. Ó wá ká mi mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì lónìí.”

“Má bínú, ìyá àwọn ọmọ.”

Ó rán atúnṣe lọ sókè àjà. Ó ya ìdérí páálí kan, ó jókòó tì í, ó sì ń fẹ́ ẹ.

“Ẹ rọra o. Èmi kì í ṣe ààrò.”

Nígbà tí atúnṣe nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ sì padà, àbúrò mi ti sùn lọ. Ọkọ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àbúrò mi fi ayé sílẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú ni Bàbá Eléèéfín ti ya àwòrán ihò páànù àti fáànù ọ̀tọ̀ fún àwọn tí èémí ń ni lára, kí eruku yàrá mìíràn má baà dá tiwọn dúró. Àwòrán náà wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwòsàn. Wọn kò tíì ṣe é.